Bí A Ṣe Lè Ṣe Ọjọ́ Àṣà Nílé Ẹ̀kọ́ Láìyọ Ọmọ Kankan Sílẹ̀

Ọjọ́ Àṣà tí a máa ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Badagry kì í sábà bàjẹ́ lójú àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ìlù á dún, aṣọ á dán, àwọn òbí á ya fọ́tò, olórí ilé ẹ̀kọ́ á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé ẹ̀yà 3 péré ni wọ́n pè síwájú, ìyẹn Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Pé ọmọ Ègùn tó wà ní kíláàsì kẹrin ni wọ́n dé fìlà Yorùbá fún, nítorí pé wọn kò mọ ibi tí wọn ì bá fi í sí. Pé wọ́n fi èédú ya irùngbọ̀n sí ọmọ Yorùbá kan lójú, wọ́n gbé bùtá lé e lọ́wọ́ pé kó ṣe bíi mẹ́gáàdì, nígbà tí ọmọ Haúsá gan-an jókòó sẹ́yìn, tó ń wo bí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń fi bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àti pé àwọn ọmọ kan kò tilẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, torí pé owó aṣọ kò sí nílé.

Olùkọ́, olórí ilé ẹ̀kọ́ àti òbí tó bá fẹ́ ṣe é lọ́nà tó sàn ju èyí lọ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, pàápàá jù lọ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí owó wọn kò pọ̀. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nínú rẹ̀: ọmọ tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń sọ èdè ilé wọn nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ètò kan kò bá rọrùn fún ọmọ yẹn, ẹ tún un ṣe.

Ohun tí ẹ ó nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀sẹ̀ 2 tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣe é kò tó, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n sá tọ télọ̀ dípò kí wọ́n lọ bá àwọn òbí.
- Rẹ́jísítà kíláàsì kọ̀ọ̀kan.
- Ìgbìmọ̀ ẹni 7: olùkọ́ 2, òbí 3 tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan náà, àti akẹ́kọ̀ọ́ 2.
- Ìwé ìbéèrè olójú ewé kan tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sílé.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ dáadáa.
- Kàlẹ́ńdà tí ọdún àwọn Mùsùlùmí àti ti àwọn Krìstẹ́nì wà nínú rẹ̀.
- Owó díẹ̀ láti inú àpò ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ẹ má ṣe dá owó lé ọmọ kankan lórí. Bí owó tó wà kò bá tó, ẹ dín ètò náà kù.

Ìpele 1: Ẹ mọ àwọn tó wà nínú ilé ẹ̀kọ́ yín

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wo ilé àwọn ọmọ yìí. Olùkọ́ á rí Ibrahim nínú rẹ́jísítà, á kọ Haúsá síwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà lè jẹ́ Yorùbá láti Ìlọrin, ó lè jẹ́ Ebira, ó lè jẹ́ Nupe, ó sì lè jẹ́ ọmọ Auchi. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá kò tó láti fi pinnu pẹ̀lú. Ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó lè jẹ́ Ìjọ́ láti Àrógbò. Ọmọ ìpínlẹ̀ Èkó sì lè jẹ́ Ègùn láti Badagry, tí àwọn ìbátan rẹ̀ wà ní Porto-Novo títí di òní.

Ìbéèrè 5 péré ni kí ẹ kọ sínú ìwé tí ẹ ó fi ránṣẹ́:

1. Èdè wo ni ẹ ń bá ọmọ yìí sọ nílé? Èdè wo ni ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ̀ ń sọ?
2. Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ń pe èdè náà àti àwọn ènìyàn tó ń sọ ọ́?
3. Ṣé ohun kan wà láti ilé yín tí ẹ lè kọ́ àwọn ọmọ wa: ìkíni, ìtàn, eré, orin, iṣẹ́ ọwọ́?
4. Ṣé ohun kan wà tí ẹ kò fẹ́ kí ọmọ yín ṣe, kó wọ̀ tàbí kó jẹ?
5. Ṣé ohun kan wà tí ọmọ yín nílò kí ó tó lè kópa, bíi ojú, etí tàbí ẹsẹ̀ tí kò ràn án lọ́wọ́ tó?

Ẹ má ṣe fo ìbéèrè kejì. Ègùn ni àwa ń pè wọ́n lédè Yorùbá, ṣùgbọ́n Ògù ni wọ́n ń pe ara wọn, inú àwọn òbí wọn sì máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá rí i pé ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kàlàbá ni a ń pe gbogbo ẹni tó ti ọ̀nà ìpínlẹ̀ Akwa Ibom àti Cross River wá, bẹ́ẹ̀ Efik yàtọ̀, Ibibio yàtọ̀, Annang náà yàtọ̀. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti gbọ́ orúkọ wọn.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe dúró níwájú kíláàsì kí ẹ máa bèèrè pé, “Àwọn wo ni kì í ṣe Yorùbá níbí?” Ọmọ tó bá nawọ́ sókè lọ́jọ́ yẹn lè ti di ẹni tí wọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí aago tó lù. Òbí mìíràn wà tí kò fẹ́ kí a mọ ẹ̀yà òun ní àdúgbò, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà gbóná ní Èkó nígbà ìbò ọdún 2023, àwọn kan kò sì tíì gbàgbé. Bí òbí bá dá ìwé padà láìkọ ohunkóhun sí i, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òbí tí kò mọ̀ ọ́n kọ ńkọ́? Ẹ pè é lórí fóònù, tàbí kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì nígbà tó bá wá mú ọmọ rẹ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ ka iye ìwé tó padà, kí ẹ fi wé iye orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà. Bí ó bá ju ọmọ 1 nínú 10 lọ tí ìwé wọn kò tíì padà, ẹ má ṣe kọjá ibí yìí. Ẹ tún wo àkọsílẹ̀ èdè tí ẹ ti kó jọ: ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìlú ńlá, bí ẹ bá rí èdè 3 péré, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dá àwọn kan pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Ẹ tún un wò.

Ìpele 2: Ẹ mú ọjọ́ tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń mú 21 oṣù Kejì, tí í ṣe Ọjọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé tí UNESCO fi lélẹ̀ ní 1999, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún. Kò sí ohun tó burú nínú èyíkéyìí, bí ẹ bá ti wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó mú un. 21 oṣù Kejì bọ́ sínú Rámádánì ní 2026, yóò sì tún bọ́ sínú rẹ̀ ní 2027. Ọmọ tó ń gbààwẹ̀ kò lè jókòó ti tábìlì oúnjẹ, agbára rẹ̀ kò sì ní gbé ijó nínú oòrùn. Oṣù àwọn Mùsùlùmí ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 11 ṣáájú lọ́dọọdún, nítorí náà ọjọ́ tó dára lọ́dún yìí lè má dára lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá mú ọjọ́ Ẹtì, ẹ rí i pé ètò parí kí aago 12 tó lù, kí àwọn tó ń lọ kírun Jímọ̀ lè ráyè. Bí ẹ bá mú ọjọ́ Sátidé, ẹ ti yọ àwọn ọmọ ìjọ Adventist sílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ló rọrùn jù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi ọjọ́ náà han òbí Mùsùlùmí 1 àti òbí Krìstẹ́nì 1 láti ìjọ tó yàtọ̀ sí ti olórí ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ tó kéde rẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ pín àkókò ní dọ́gbadọ́gba

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ẹ fi iye ọmọ pín àkókò, pé Yorùbá tó pọ̀ jù gba ìṣẹ́jú 30, Ìgbò gba 15, Haúsá gba 10, “àwọn yòókù” sì pín 5 láàárín ara wọn. Kò sí ọmọ tó fẹ́ jẹ́ “àwọn yòókù.” Ẹ fún èdè kọ̀ọ̀kan ní àkókò kan náà. Bí ẹ bá ní èdè 9, tí ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 7, ìṣẹ́jú 63 nìyẹn. Bí ẹ bá fi ìkíni, ìsinmi àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kún un, kò ní ju wákàtí 2 lọ, àwọn ọmọ kékeré á sì lè fara dà á.

Bí ọmọ kan ṣoṣo bá ń sọ èdè kan, ẹ jẹ́ kó yan ọ̀rẹ́ 4 tàbí 5 láti kíláàsì rẹ̀ tí yóò kọ́ ní ohun tó fẹ́ ṣe. Òun ni yóò jẹ́ olórí wọn, wọn yóò sì dúró tì í lórí pèpéle. Mo ti rí ọmọbìnrin Tiv kan tó ń tijú débi pé kì í dáhùn ní kíláàsì, tó sì kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá 5 bí wọn yóò ṣe kí ara wọn ní òwúrọ̀: “U nder vee.” Ọ̀sẹ̀ 3 ló fi kọ́ wọn, ó ń tún ohùn wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá wọn wí bí wọ́n bá gbé e gba ibi tí kò yẹ. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìdánilójú tó wà lójú rẹ̀ kọjá ti olùkọ́.

Kí ni ipa àwọn ọmọ Yorùbá, tó jẹ́ pé àwọn ni onílé? Èrò tèmi ni pé ipa onílé ni kí wọ́n kó. Àwọn ni kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí àlejò, kí wọ́n gbé àga àti omi fún wọn, kí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú tiwọn parí ètò. Ọmọ tó bá kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá Urhobo ní ẹnu géètì, tó sì sọ fún un pé “Mígwo,” tí ìyá náà sì dá a lóhùn pé “Vrẹndo,” ti fi àṣà Yorùbá hàn ju ẹni tó jó fún ìṣẹ́jú 30 lọ.

Ẹ sì rántí pé àwọn ọmọ Yorùbá náà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ọmọ Ìkálẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Àkókó ń gbé ẹ̀ka èdè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń fi rẹ́rìn-ín wá sí ilé ẹ̀kọ́. Nínú ìṣẹ́jú tó jẹ́ ti Yorùbá, ẹ wá àyè fún wọn.

Àyẹ̀wò: Ẹ ka ìwé ètò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo èdè tó wà nínú àkọsílẹ̀ Ìpele 1 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí àwọn tó ni ín ń pè é, kí “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ” má sì sí níbẹ̀ rárá.

Ìpele 4: Aṣọ

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló ń lé ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́, tó ní ọmọ 3 nílé ẹ̀kọ́ kan náà, kò lè rán aṣọ òkè 3 nítorí wákàtí 2. Kò ní sọ fún yín. Á kàn ní kí àwọn ọmọ jókòó sílé, á sì ní ara wọn kò yá.

Ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ kò le: yunifọ́ọ̀mù ni gbogbo ọmọ yóò wọ̀, pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo láti ilé. Ó lè jẹ́ fìlà bàbá, gèlè ìyá, ilẹ̀kẹ̀, hula tí í ṣe fìlà àwọn Haúsá, tàbí aṣọ a'nger aláwọ̀ dúdú àti funfun tí àwọn Tiv ń wọ̀. Ọmọ tí kò ní ohunkóhun láti mú wá yóò ya àwòrán aṣọ ilé wọn sórí páálí ní kíláàsì, yóò sì fi pínnì há a mọ́ àyà. Kí àwọn ọmọ má baà rò pé àwòrán kéré, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ méjì náà lo àwòrán dípò aṣọ. Nígbà náà, kò ní sí ẹni tó máa mọ ọmọ tí kò ní láàárín wọn.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe wọ aṣọ ẹ̀yà kan fún ọmọ ẹ̀yà mìíràn kó lè “ṣojú” fún wọn. Nínú ọmọ 400, ẹni tó ni aṣọ náà wà níbẹ̀. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, kí la ń ṣe aṣọ rẹ̀ fún? Ohun tó yàtọ̀ ni kí ọ̀rẹ́ yá ọ̀rẹ́ ní aṣọ, kí ìdílé tó ni ín sì gbà, kí wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe ń wọ̀ ọ́. Ìyẹn dára púpọ̀. Àmọ́ irùngbọ̀n èédú, ọ̀pá darandaran, àtẹ súyà àti bùtá kì í ṣe aṣọ. Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ènìyàn ni, a kò sì lè sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ níwájú àwọn ọmọ wọn.

Ìkìlọ̀ kejì: Ẹ má ṣe ní kí ọmọbìnrin tó ń lo híjáàbù ṣí i nítorí pé gèlè ni “aṣọ àṣà.” Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti dá a láre ní 17 oṣù Kẹfà 2022 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lò ó ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Gèlè lè wà lórí híjáàbù. Bákan náà, ọmọ wà tí òbí rẹ̀ kọ̀wé sínú ìbéèrè kẹrin pé òun kò fẹ́ kó lo ilẹ̀kẹ̀ tàbí kó jó. Ẹ fún un ní iṣẹ́ mìíràn tó níyì, bíi kíka ìtàn tàbí dídarí àlejò, kí ẹ má sì bi í ní ìdí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àyẹ̀wò: Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, kí olùkọ́ kíláàsì bèèrè lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀ pé, “Kí lo máa mú wá?” Ọmọ tí kò bá ní ìdáhùn ni kó bẹ̀rẹ̀ àwòrán tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìpele 5: Ohun tí wọn yóò ṣe lórí pèpéle

Ijó ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Ijó dára, ṣùgbọ́n wíwò ni àwọn tó kù ń wò ó. Wọn kì í mú ohunkóhun lọ sílé. Ẹ wá ohun tí ọmọ kan lè kọ́ ẹlòmíràn. Mẹ́ta tí mo fẹ́ràn jù nìyí.

Èkíní ni ìkíni àti ìdáhùn rẹ̀. Ìkíni láìsí ìdáhùn kò pé. “Ina kwana?” ni ọmọ Haúsá yóò wí, kí gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé “Lafiya lau.” “Emesiere” ni ọmọ Efik yóò fi kí wọn ní òwúrọ̀. Ní ti ọmọ Ẹ̀dó, ẹ ní kó bèèrè nílé, nítorí pé ní Benin City, ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀, ìkíni yẹn sì ń sọ orírun ẹni bí oríkì ṣe ń sọ tiwa.

Èkejì ni ìtàn. Ìjàpá tiwa ní ẹlẹgbẹ́ láàárín àwọn Ìgbò, Mbe ni wọ́n ń pè é, ahun ni òun náà. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, aláǹtakùn ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, Gizo ni orúkọ rẹ̀, Koki sì ni ìyàwó rẹ̀. Bí a ṣe ń fi “Àlọ́ o!” ṣí ìtàn tí àwọn olùgbọ́ sì ń dáhùn pé “Àlọ̀!”, bẹ́ẹ̀ ni apàlọ́ Haúsá ń wí pé “Ga ta ga ta nan ku,” tí àwọn olùgbọ́ sì ń dáhùn pé “Ta zo mu ji ta.” Ẹ jẹ́ kí ọmọ 3 pa ìtàn 3 tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ bi àwọn tó jókòó pé ta ló gbọ́n jù nínú Ìjàpá, Mbe àti Gizo. Àríyànjiyàn tó máa ṣẹlẹ̀ ní ibi ìsinmi lẹ́yìn náà tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀kẹta ni eré. Ọpọ́n ayò tiwa ni àwọn Ìgbò ń pè ní okwe, òfin títa rẹ̀ sì lè yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ẹ gbé ọpọ́n 2 kalẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ èkejì ní òfin ilé tirẹ̀, kí wọ́n sì ta á.

Bí ọmọ tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bá wà nínú ilé ẹ̀kọ́ yín, èdè ni èyí pẹ̀lú. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 7 tirẹ̀, kó kọ́ gbogbo gbọ̀ngàn bí a ṣe ń fi ọwọ́ kíni. Àwọn ọmọdé máa ń tètè mọ̀ ọ́n, wọn kì í sì gbàgbé.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe sọ eégún tàbí ohun mímọ́ ẹnikẹ́ni di eré ilé ẹ̀kọ́ láìgbọ́ ti àwọn tó ni ín. Zangbeto tàwọn Ògù, Mmanwu tàwọn Ìgbò àti Ẹ̀yọ̀ Èkó ní àwọn tó ń tọ́jú wọn àti òfin tó dè wọ́n. Àwọn òbí Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí kan kò ní fẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ọn pẹ̀lú. Bí ìdílé tó ni ín bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tàbí àwòrán, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ sì fetí sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kejì, lórí atọ́kùn ètò: Ẹni tó máa di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú pé òun kò gbọdọ̀ sín ohùn ẹ̀yà kankan jẹ, kó má sì sọ̀rọ̀ nípa owó Ìgbò tàbí màlúù Fúlàní. Ètò tí wọ́n fi oṣù 2 tò jọ ni àwàdà ẹyọ kan máa ń bàjẹ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìfáàrà èdè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún un, kí òbí tó ni èdè náà ti kà á.

Àyẹ̀wò: Ní ìdánrawò tó kẹ́yìn, ẹ bi ọmọ 5 tí wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ kan pé kí ni wọ́n kọ́ lára ẹgbẹ́ náà. Bí ìdáhùn wọn bá jẹ́ “wọ́n jó” nìkan, ẹ fi ohun kan tí wọ́n lè mú lọ sílé kún un.

Ìpele 6: Oúnjẹ

Bí kò bá sí owó, ẹ fo èyí. Bí ó bá wà, ìtọ́wò ni kó jẹ́, ṣíbí kan tàbí méjì, kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ kọ ohun tó wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan sórí páálí: ẹ̀pà wà nínú miyan taushe àti kúlíkúlí, edé sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ gúúsù, ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba èyíkéyìí lè ṣàìsàn gidi. Kí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí má wọ ọgbà. Kí ẹran tí ẹ bá lò jẹ́ èyí tí Mùsùlùmí dú, kí gbogbo wọn lè jẹ ẹ́. Oúnjẹ tó bá ti kọjá wákàtí 2 nínú ooru láìgbóná, ẹ dà á nù.

Àyẹ̀wò: Ẹ wo ìdáhùn ìbéèrè kẹrin lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ṣí abọ́ kankan.

Ìpele 7: Ọjọ́ náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lákòókò. Ẹ jẹ́ kí èdè tó kéré jù ní iye ọmọ ṣí ètò, nígbà tí etí àwọn ènìyàn ṣì jí. Ọmọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn ńkọ́? Ẹ má ṣe gbé e bí ẹrù lójú gbogbo ènìyàn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ fi pèpéle sílẹ̀, kí ẹ ṣe gbogbo ètò ní ilẹ̀ títẹ́jú, kí gbogbo wọn jọ wà ní ibi kan náà. Àwọn òbí fẹ́ràn àtiya fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé ojú ọmọ ẹlòmíràn sórí Facebook tàbí WhatsApp láìgbàṣẹ.

Àyẹ̀wò: Ẹ mú rẹ́jísítà ọjọ́ náà, kí ẹ fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ní ọjọ́ kan náà. Èyí ni àyẹ̀wò tí mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Bí àwọn tó wá bá dín kù, ẹ bẹ ilé àwọn tí kò wá wò, ẹ bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohun tí ẹ bá gbọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ètò ọdún tó ń bọ̀.

Ìpele 8: Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti ń jù ú sílẹ̀. Wọ́n á tú páálí kúrò lára ògiri, nǹkan á sì padà sí bó ṣe wà.

Ẹ kọ́kọ́ mójú tó orúkọ. Àwa tó mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà ni a ń pe orúkọ ọmọ Ìgbò bó ṣe wù wá, tí a sì ń gé orúkọ ọmọ Ògù bíi Sewanu tàbí Mautin kúrú nítorí pé ó ṣòro lẹ́nu. Ẹ bẹ ìyá ọmọ kó fi ohùn rẹ̀ pe orúkọ náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí olùkọ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó pè é, kí ọmọ sì tún un ṣe fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ fagi lé owó ìtanràn èdè. Ilé ẹ̀kọ́ wà tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé wọn, tàbí tó ń so páálí mọ́ ọn lọ́rùn, tó sì ń ṣe Ọjọ́ Àṣà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọmọdé kò ní ṣàìmọ èwo nínú méjèèjì ni òótọ́. Ẹ lè ní kí wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi ibi ìsinmi sílẹ̀ fún èdè gbogbo.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ ní ìlànà fún èébú. “Kòbókòbó,” “yànmìrín” àti “mọ́là” ṣì ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ, nígbà mìíràn lẹ́nu olùkọ́. Ẹ yan olùkọ́ kan tí ọmọ lè lọ bá. Kí olùkọ́ náà kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀, kó pe òbí ọmọ méjèèjì, kó sì jẹ́ kí ẹni tó bú ẹlòmíràn gbọ́ láti ẹnu ẹni tí wọ́n bú bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹgba kò tán an rí. Ó kàn ń gbé èébú náà kúrò ní kíláàsì lọ sí ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ ni.

Ìkìlọ̀: Ẹ má ṣe sọ ọmọ kan di olùkọ́ ẹ̀yà rẹ̀ títí láé. Ọmọ Tiv fẹ́ kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè ìṣirò náà. Ó fẹ́ jẹ́ agbábọ́ọ̀lù lásán ní ọjọ́ mìíràn.

Àyẹ̀wò: Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ẹ yan ọmọ 10 láìṣà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ní kí wọ́n kí ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní èdè ilé rẹ̀, kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Bí 6 nínú wọn bá lè ṣe é, ó ti wọlé. Bí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ mú ìkíni kan lọ́sẹ̀ kan sí ìpàdé òwúrọ̀, kí ọmọ tó ni èdè náà fúnra rẹ̀ dúró níwájú láti kọ́ wọn, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ìparí sáà.